Owó kókó ti dé, kí la máa kọ́kọ́ ṣe sí jíìpù? Ìbéèrè yín àti èsì wa

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, àfi bíi pé ẹ jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni, jíìpù àtijọ́ àti ọ̀nà oko ló gba gbogbo ẹ̀. Mo mú mẹ́rin. Ti àkọ́kọ́ ló máa gùn jù torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

*Àbúrò, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, oko kókó ni mò ń bá yí báyìí lọ́nà Ifẹ̀wàrà. Mo ní 4Runner 1998 kan, tókúnbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì V6, gíà ọtomátíìkì, ọdún kọkànlá rèé tó ti wà lọ́wọ́ mi. Owó kókó wọlé díẹ̀, mo wá fẹ́ tún un ṣe kó lè máa gbé mi dé oko nígbà òjò. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní kí n gbé e sókè ní íǹṣì mẹ́ta, kí n fi táyà ńlá sí i, kí n de báńpà irin àti wíńṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ jáde) mọ́ ọn níwájú. Mẹkáníìkì mi ní kí n má dá a lóhùn. Owó tó wà nílẹ̀ ò lè ṣe gbogbo ẹ̀. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?* (Tíṣà tó di àgbẹ̀, Iléṣà)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oko o, kókó á ṣe dáadáa. Mẹkáníìkì yín mọ ohun tó ń sọ. Kì í ṣe pé gbígbé ọkọ̀ sókè burú o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ti lé lógún ọdún, ohun tó ti gbó lára ẹ̀ ló máa já yín sílẹ̀ nínú igbó, kì í ṣe ohun tí ò ní. 4Runner tí Toyota ń tà láti 1996 títí dé 2002 yẹn, bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ti tó ọ̀nà Ifẹ̀wàrà gbé, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé bó ṣe jáde náà ló ṣì wà báyìí? Rárá. Ibẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, ẹ fi owó àkọ́kọ́ dá a padà sí bó ṣe wà, lẹ́yìn náà la máa sọ̀rọ̀ àfikún.

Rédíétọ̀ ni mo fẹ́ fi ṣíwájú torí ojú mi ti rí i. Nísàlẹ̀ inú rédíétọ̀ yẹn, páìpù kan wà tí ọ́ìlì gíà ń gbà kọjá kó lè tutù, omi rédíétọ̀ yí i ká, ọ́ìlì wà nínú ẹ̀. Tó bá gbó tó là, omi á wọ gíà, ọ́ìlì á wọ omi, ẹ ò sì ní rí i nílẹ̀ pé nǹkan kan ń jò, torí inú lọ́hùn-ún ló ti ń ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ tèmi mò ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, ó kù díẹ̀ kí n dé Iléṣà, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ́ńjìnì ń pariwo, ọkọ̀ ò lọ, mo páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mo dúró títí ó fi tutù kí n tó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ohun tí mo rí níbẹ̀ dà bí ọ̀gì bàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́, ó pọ́n, ó ki, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Gíà yẹn ò tún lọ mọ́ láé. Odidi gíà ni mo rà nítorí rédíétọ̀ tí ó ti yẹ kí n pààrọ̀ láti ọdún méjì ṣáájú, ó sì dùn mí títí dòní torí pé owó tí mo fi ń ra fìlà táyà aláràbarà nígbà yẹn ì bá ti ra rédíétọ̀.

Nítorí náà ẹ̀gbọ́n, tí ẹ ò bá lè rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rédíétọ̀ yín, ẹ ra tuntun. Ẹ má ra tókúnbọ̀ rédíétọ̀ o, ẹgbẹ́ nìyẹn àti èyí tó wà lára ọkọ̀ yín, wọ́n lè jọ gbó bákan náà. Àwọn kan máa ń yọ páìpù gíà kúrò nínú rédíétọ̀ pátápátá, wọ́n á fi kúlà kékeré tó dá dúró síwájú ẹ̀, ọ́ìlì ò ní bá omi pàdé mọ́. Ìyẹn dáa gan-an, owó ẹ̀ ò sì le, pàápàá fún ẹni tó ń wọ ẹrẹ̀, torí ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yí lójú kan nínú ẹrẹ̀ ni gíà máa ń gbóná jù.

Ohun kejì ni bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ níwájú, oríkèé irin tó so ẹsẹ̀ iwájú mọ́ abẹ́ ọkọ̀. Èyí ò ṣeé fi sílẹ̀ di ọ̀la. Lára ọkọ̀ mìíì, ìwúwo ọkọ̀ ló ń tẹ jọ́ìntì yẹn wọlé, ṣùgbọ́n lára 4Runner yìí ńṣe ni ìwúwo ń fà á jáde, nítorí náà lọ́jọ́ tó bá gbó tán, á kàn yọ ni, ẹsẹ̀ iwájú á ká sábẹ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ nínú oko ló ti ṣẹlẹ̀, ẹ óò fẹsẹ̀ rìn wálé. Tó bá jẹ́ lójú títì lórí eré ńkọ́? Lọ́dún 2005 Toyota pe 4Runner 2001 àti 2002 kan padà nítorí jọ́ìntì yìí. Ti 1998 ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe to tiyín náà nìyẹn. Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò rèé: kí wọ́n fi jáàkì sábẹ́ apá ìsàlẹ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú gbára lé, kí wọ́n gbé e títí táyà fi máa kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹnì kan ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà kó máa gbé e sókè gbé e sílẹ̀, kí ẹ̀yin fúnra yín na tọ́ọ̀ṣì sí jọ́ìntì. Tí ẹ bá rí i tó ń ṣí tó ń pa dé, tàbí tó ń dún kọ́-kọ́-kọ́, ọjọ́ ẹ̀ ti pé. Ojúlówó ni kí ẹ rà o, ẹ wá owó kún un, kódà tó bá gba pé kí ẹ rán ènìyàn lọ Ládípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Ìbàdàn, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì pa pọ̀.

Ẹ tún wo bélíìtì táímìǹ, èyí tó ń mú kí inú ẹ́ńjìnì máa yí bó ṣe yẹ. V6 3.4 lítà yẹn, bélíìtì ló ń lò, kì í ṣe ṣéènì, 90,000 máìlì ni wọ́n ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀. Torí Amẹ́ríkà ló ti wá, máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù yín ń kà, 90,000 máìlì yẹn sún mọ́ 145,000 kìlómítà, mo ti rí ẹni tó ń ka máìlì bíi kìlómítà tó wá rò pé bélíìtì òun ṣì ní ìrìn nílẹ̀.

Ó wá kan táyà. Tó bá jẹ́ pé nǹkan kan ṣoṣo ni owó yín lè ṣe lẹ́yìn àtúnṣe, táyà ni kó jẹ́, torí nínú gbogbo ọkọ̀ òun nìkan ló ń kan ilẹ̀. Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, wọ́n á fi AT (táyà gbogbo ilẹ̀) àti MT hàn yín. MT ni ti ẹrẹ̀ gidi, eyín ẹ̀ tóbi, ó ń wu ojú, àmọ́ ó ń hó lórí ọ̀dà bí ẹ̀rọ ìlọta, ó ń yára jẹ, tí ọ̀dà bá sì tutù kì í fẹ́ dúró bọ̀rọ̀ tí ẹ bá tẹ bíréékì. Ẹ̀yin ń ti ilé gba orí ọ̀dà kí ẹ tó yà wọ ilẹ̀ pupa, AT ló bá yín mu. Ó ní eyín tó lè já ẹrẹ̀ jẹ, ó sì mọ ojú ọ̀dà.

Ní ti bó ṣe máa tóbi tó, tí ríìmù yín bá jẹ́ 16, 265/70R16 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá wá. Ẹ lè gòkè dé 265/75R16, ó sábà máa ń wọ̀ ọ́ láìgbé ọkọ̀ sókè, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà o: gbogbo gíga tó fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ò ju mílímítà 27 lọ, ìdajì ẹ̀ ló sì ń gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀, ìyẹn bíi mílímítà 13, kò tó fífẹ̀ ìka kan. Eré tí dáṣíbọ́ọ̀dù bá pè ní 100, á ti di bíi 103. Èmi máa dúró sí ìwọ̀n tó bá a wá, kí n fi owó tó kù ra táyà tó lórúkọ.

Ti gbígbé e sókè wá ńkọ́? Ọmọ yín ò purọ́, ó ń jẹ́ kí ikùn ọkọ̀ jìnnà sí ilẹ̀. Àmọ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín, ẹ óò rí kókó irin roboto tó wà láàárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì, dífù nìyẹn. Òun ló ń ha gegele àárín ọ̀nà tí tírélà àti tráktọ̀ ti la ẹsẹ̀ méjì sí. Gbígbé sókè á gbé bọ́dì, dífù yẹn á dúró síbi tó wà, torí táyà ló gbé e, kì í ṣe sípíríǹgì. Íǹṣì mẹ́ta yẹn ò lè mú un kúrò lórí gegele. Níwájú, àwọn irin tó ń yí ẹsẹ̀ á wá máa tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, rọ́bà orí wọn á ya, gírísì á jáde, iyanrìn á wọlé. Aláìnmẹ́ǹtì á tún di wàhálà, ọkọ̀ á sì máa gbé ara ní kọ́nà. Tí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì yín bá ti rẹ̀ tí ọkọ̀ ti rọlẹ̀, ẹ fi tuntun sí i, ẹ máa yà á lẹ́nu bó ṣe máa dìde padà, ó lè tó íǹṣì kan, láìyí nǹkan kan padà.

Báńpà irin àti wíńṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ ná. Ẹrù ńlá ni wọ́n, iwájú ni gbogbo ẹ̀ sì wà, lórí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ ẹ̀ yẹn. Dípò ẹ̀, ẹ kó ṣọ́bìrì kan, àdá, pákó líle méjì, okùn ìfà tó yi pẹ̀lú ìkọ́ irin oníṣíkírúù méjì, géèjì táyà, àti ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ táyà láti ara bátìrì. Géèjì àti ẹ̀rọ yẹn ló máa yà yín lẹ́nu jù. Tí ẹ bá fẹ́ wọ ẹrẹ̀, ẹ jó táyà láti 32 psi wá sí 20 lórí géèjì, á tẹ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, á di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ tó ti ń wa kòtò fún ara ẹ̀ á kàn gòkè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí ẹ bá padà dé orí ọ̀dà, ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré, ẹ má wulẹ̀ lọ gbẹ́kẹ̀ lé fọgánáísà, kò sí fọgánáísà nínú oko kókó.

Ti okùn, ẹ fetí sí mi dáadáa. Ẹ má so ó mọ́ bọ́ọ̀lù irin tí wọ́n fi ń fa tírélà lẹ́yìn ọkọ̀. Bọ́ọ̀lù yẹn lè kán nígbà tí okùn bá le, á fò bí ọta ìbọn, ó ti pa ènìyàn rí níbi púpọ̀ láyé. Ibi ìfà tó wà lára fíréèmù ni kí ẹ so ó mọ́, kí gbogbo ẹni tó dúró wòran sì kúrò níbi tí okùn ti nà.

*Ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ni mò ń tà n'Ífẹ̀, inú oko la ti ń kó o lọ́nà Ìfẹ̀tẹ̀dó lọ sí Òkè-Igbó. Pathfinder 2000 la ní, ọmọ mi ló ń wà á. Tá a bá kẹ́rù tán, ìdí ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Wọ́n ní ká kó sípíríǹgì ọkọ̀ ńlá mìíì sí i, ká sì ra tókúnbọ̀ táyà torí owó. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?* (Ìyá Ọlọ́gẹ̀dẹ̀, Ilé-Ifẹ̀)

Màmá, ẹ kú ọjà, ọjà á tà. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí wọ́n wo ibi tí orí ṣọ́ọ̀kì iwájú ti so mọ́ bọ́dì, lọ́tùn-ún lósì, kí wọ́n fi irin gún un. Pathfinder láti 1996 sí 2004, bọ́dì àti fíréèmù ẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ibẹ̀ yẹn sì ni ìpẹtà ti máa ń jẹ ẹ́ jù, pàápàá èyí tó bá wá láti ìlú yìnyín l'Ámẹ́ríkà tàbí Kánádà, torí iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì níbẹ̀ nígbà òtútù. Tí irin bá wọlé níbẹ̀ bí ẹni gún búrẹ́dì, ẹ lọ bá wẹ́dà tó mọṣẹ́ kí ẹ tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kankan mọ́.

Sípíríǹgì ọkọ̀ mìíì, rárá. Gíga ẹ̀ yàtọ̀, líle ẹ̀ yàtọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ ò bá kẹ́rù ìdí ọkọ̀ á máa tọ bí ewúrẹ́, ọmọ yín ò ní lè dì í mú ní kọ́nà. Èyí tó le díẹ̀ tí wọ́n ṣe fún Pathfinder gan-an wà, òun ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń kẹ́rù. Ẹ yọ ìjókòó ẹ̀yìn, kí ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wúwo jù lọ sún mọ́ ẹ̀yìn dírẹ́bà, kí ẹ̀yìn pátápátá jẹ́ ti èyí tó fúyẹ́. Ìyẹn ò gba owó, ọjọ́ kan náà lẹ sì máa rí ìyàtọ̀ ẹ̀.

Tókúnbọ̀ táyà, mi ò ní sọ pé kò sẹ́ni tó ń rà á, gbogbo wa la ti rà á rí. Àmọ́ Màmá, táyà tó ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án gangan lórí ọ̀dà tó gbóná, kì í ṣe ibi tí èèyàn ti ń ṣọ́wó ná nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ dandan, ẹ sọ fún ọmọ yín kó wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin ló wà ní ìparí ẹ̀. Tó bá jẹ́ 3518, ọ̀sẹ̀ karùndínlógójì ọdún 2018 ni wọ́n ṣe é. Tí kò bá rí i lápá kan, kó yí táyà padà, apá kejì nìkan ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí nígbà mìíràn. Kó tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà, kó wò ó bóyá ó ti sán bíi ìgìgísẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Tó bá ti sán, eyín ẹ̀ ì báà ga bíi tuntun, kó fi í sílẹ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Pajero 1996 ni mo ní, Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Iná ẹ̀ ò ríran rárá lóru. Mo fẹ́ ra iná LED gígùn sórí òrùlé, réwáyà ní òun á so ó tààrà mọ́ swíìṣì iná iwájú. Ṣé ó dáa?* (Ọmọ Ifẹ̀)

Àbúrò, kò dáa, má jẹ́ kó ṣe é. Gílóòbù méjì tó wà níwájú, 55 wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, ti ń fa bíi áńpù mẹ́sàn-án gba swíìṣì tó ti dàgbà tó ẹ yẹn kọjá, tó o bá tún kó LED mọ́ ọn, á gbóná, á yọ́, o lè jó ọkọ̀ ẹ. Rílèè, ìyẹn swíìṣì kékeré tí swíìṣì inú ọkọ̀ ń darí kí iná ńlá má baà gba inú tiẹ̀ kọjá, ni kó lò, kí wáyà wá tààrà láti bátìrì, kí fíúsì wà ní ìtòsí bátìrì. Àmọ́ kó o tó ra LED rárá, jẹ́ kó fi rílèè sí iná iwájú tó o ní yẹn náà, kó ha gbogbo ibi tí wáyà ilẹ̀ ti kan bọ́dì títí irin á fi dán, kó o sì wo ojú iná bóyá ó ti ṣú, kí wọ́n fọ̀ ọ́ kó mọ́. Mo ti rí iná tí gbogbo èèyàn pè ní òkú tó ríran padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tó o bá ṣì fẹ́ LED lẹ́yìn náà, rà á, kó o máa pa á tí ọkọ̀ mìíì bá ń bọ̀.

*Ẹ̀gbọ́n, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo wà. Hilux 1994 bàbá mi ni mò ń wà, a ò fi fọ̀-wíìlì ẹ̀ ṣe nǹkan kan rí, ọ̀pá ẹ̀ ti le gan. Ṣé kí n ti í? Kí ló tún yẹ kí n fi owó kékeré ṣe sí i?* (Ọmọ Onímọ́tò)

Ti í, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí ọ̀dà gbígbẹ. Wá ilẹ̀ iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ díẹ̀, tí ẹsẹ̀ iwájú bá ní bọ́tìnnì tó ń yí sí LOCK, yí i ní méjèèjì, dúró, fi gíà sí nútírà, kó o tó ti ọ̀pá sí 4H (fọ̀-wíìlì ti ìrìn gbogbo ìgbà), kó o máa lọ díẹ̀díẹ̀ tó bá kọ́kọ́ fẹ́ gan. Lójú ọ̀dà gbígbẹ ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn kì í yí ní ìwọ̀n kan náà ní kọ́nà, kò sì síbi tí wọ́n ti máa yọ̀ díẹ̀, gíà ló máa jìyà ẹ̀. Tó bá ti wọlé, máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó kéré tán, kí ọ́ìlì lè máa kan gbogbo ibẹ̀. 4L (fọ̀-wíìlì alágbára tí kì í sáré) wà fún òkè tó ga, sísọ̀kalẹ̀, àti fífa ọkọ̀ jáde, dúró pátápátá kó o tó wọ̀ ọ́.

Owó kékeré tó o bèèrè, ọ́ìlì dífù iwájú àti ẹ̀yìn ni kó o kọ́kọ́ jò sílẹ̀. Gbé abọ́ funfun sábẹ́ ẹ̀ kó o lè rí àwọ̀ ẹ̀. Tó bá dúdú tó mọ́, ó ti gbó ni, fi tuntun sí i, 75W-90 GL-5. Tó bá funfun bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọlé, ọ̀nà tó sì gbà wọlé rèé: ọkọ̀ sáré, dífù gbóná, o wá wọ odò, ó tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ sún kì, ó sì fa omi wọlé níbi tó ń gbà mí. Ihò ìmí yẹn wà lórí dífù, ó ní fìlà kékeré, iyanrìn sì ti dí ọ̀pọ̀ nínú wọn pa. Yọ fìlà yẹn, ra rọ́bà tó ń gbé ọ́ìlì àti epo, bíi mítà méjì, àti ìdè irin kéékèèké, so ó mọ́ ihò ìmí, kó o fa orí ẹ̀ kejì gba inú fíréèmù lọ sókè dé inú bọ́nẹ́ẹ̀tì níwájú, ti ẹ̀yìn kó gùn dé ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń da epo, kó o fi fíltà kékeré dé e. Rí i pé ó lè fà gùn díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá sọ̀kalẹ̀ kúrò lára bọ́dì, kó má baà já. Ọ̀sán ọjọ́ kan lo máa fi ṣe é pẹ̀lú sípánà tí bàbá ẹ ní nílé.